Ọ̀pá Ìwọ̀n Tó Dúró Lórí Pàǹtírí

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin kan tí odidi àdúgbò panu pọ̀ kórìíra, ẹ lọ sí ẹsẹ̀ afárá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń ka omi níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn irin, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ìwé ńlá lábíyá. Yóò wo ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ òpó afárá, yóò kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí omi ga dé sínú ìwé, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sára pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lè rí i. Iṣẹ́ ìjọba ni. Ìjọba ló fún un ní bàtà rọ́bà. Ẹnu tó fi ń bú èèyàn, ilé ló ti mú un wá.

Wòlíì Omi ni wọ́n ń pè é, ẹ má sì rò pé oyè ni. Èébú ni. Kò sí ẹni tó ju ọ̀rá sódò lójú rẹ̀ tí kò ní í bú tìrantìran. Nígbà kan, bàálé ilé kan da ìdọ̀tí sétí odò, ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun. Wòlíì kó o padà sínú àpò, ó rù ú gòkè, ó sì dà á sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹrù yín rèé, sà. Ẹ gbàgbé ẹ̀ sọ́dọ̀ wa." Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú pa lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti wà lẹ́sẹ̀ afárá pẹ̀lú ojú wíwú, ó ń ka omi, ó ń bú èèyàn.

Ohun tó ń bí i nínú wà nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó fi ṣe iṣẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni omi kọjá ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá. Ní ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, kò sí ọdún tí kò kọjá a. Òjò tó yẹ kó fi oṣù mẹ́ta rọ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ méjì dà sílẹ̀ tán, oòrùn á wá máa yan ìyókù ọdún bí ẹni yan àgbàdo. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí kan, ó so ó mọ́ irin afárá kí gbogbo ayé lè kà á. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnì kan ti fa páálí náà ya, ó ti fi dáná.

Ọ̀gá kan wá láti olú iléeṣẹ́ lọ́dún kan, ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní ọmọ aráyé ṣì lè borí èéfín, ìdọ̀tí àti ojú ọjọ́ tó ń dàrú yìí, tí gbogbo wa bá fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wòlíì dìde. "Ọwọ́ wo, sà? Ṣé ọwọ́ tí wọ́n fi ń ju ọ̀rá yẹn náà ni?" Wọ́n ní kó jókòó. Ó jókòó, àmọ́ inú rẹ̀ dùn sí ara rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀nà méjì ni aráyé pín sí: àwọn tó ń ba odò jẹ́, àti òun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó ń ba odò jẹ́. Alágbàfọ̀ ni obìnrin yìí. Ilé rẹ̀ ni ìkejì sétí odò ní ìsàlẹ̀, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kún fún ọpọ́n, okùn ìsáṣọ láti ògiri dé ògiri. Òun ló tọ́ Wòlíì dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Wòlíì rí omi ọṣẹ àti oògùn tí wọ́n fi ń mú aṣọ funfun tó ń ṣàn láti ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ sódò, tó ń hó yaya, tí àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sì ń léfòó lókùú. Kò bá a sọ ọ́ nílé. Iléeṣẹ́ ìmọ́tótó ló gbà lọ, ó lọ fi ẹjọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ sùn. Wọ́n ti ibi ìfọṣọ náà pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Láti ọjọ́ náà, obìnrin yìí kò yà á sí mọ́; bí Wòlíì bá kí i, àfi bí ẹni kí ògiri.

Síbẹ̀, ní àràárọ̀, kó tó gbé omi kaná, ó máa ń gòkè wá wo pátákó dúdú. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ààlà. Bí omi ò bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò lè wọ ìsàlẹ̀ odò. Bó bá tó o, kí kálukú gbé ẹrù. Ẹnì kan bi í pé kí ló dé tó fi ń ka ohun tí ẹni tí kò fẹ́ fojú rí kọ. Ó ní, "Mi ò gba ọmọ ìyá mi gbọ́ mọ́. Nọ́ńbà ni mo gbà gbọ́. Nọ́ńbà ò lẹ́nu tó fi ń fẹjọ́ èèyàn sùn."

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìbínú ni òjò àkọ́kọ́ bá dé. Ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì, omi ru, ó gbá gbogbo pàǹtírí tó wà lẹ́sẹ̀ òpó afárá lọ, ó sì tún fà padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Wòlíì sọ̀ kalẹ̀, ó rí nǹkan dúdú kan tó yọrí lára òpó, nísàlẹ̀ ọ̀pá ìwọ̀n. Ó fi ọwọ́ nù ún. Irin àmì ni.

Àwọn tó kọ́ afárá ló ri irin náà mọ́ òpó. Orí rẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pá ìwọ̀n gbọ́dọ̀ dúró lé, torí pé ibẹ̀ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, omi gbé ọ̀pá àtijọ́ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni tuntun sì dé. Wòlíì pe káfíńtà kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò pé kó wá bá òun kàn án. Àwọn méjèèjì wá irin àmì títí, wọn ò rí i. Pàǹtírí ọdún gbọọrọ ti kún ẹsẹ̀ òpó, ẹrẹ̀ ti bò ó, oòrùn ti sá a gbẹ, koríko ti hù lé e lórí. Káfíńtà fi òòlù gbá a, ó dún gbì. Ó ní, "Ilẹ̀ rèé. Omi ti gbé irin yẹn lọ pẹ̀lú ọ̀pá." Wòlíì náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò rì. Wọ́n gbé ọ̀pá lé e, wọ́n kàn án, Wòlíì sì fọwọ́ síwèé pé ó wà níbi tó yẹ kó wà.

Ní báyìí, ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé ló wà láàárín irin àti ẹsẹ̀ ọ̀pá. Èyí tó kọ ní mẹ́wàá, méjìlá ni. Èyí tó kọ ní méjìlá, mẹ́rìnlá ni: ẹyọ kan ló kù kí omi bá àwọn èèyàn lórí ibùsùn, òun sì ń kọ ọ́ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń bú gbogbo ayé nítorí ìdọ̀tí. Orí ìdọ̀tí yẹn náà ló sì dúró sí, tó ń pè é nílẹ̀. Ojú tì í débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Ibẹ̀ ló jókòó sí tí fóònù fi dún. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì ni, ọkùnrin kan tí Wòlíì lè bí lọ́mọ.

"Bàbá, wọ́n ti ṣí ìsédò tó ń dá omi dúró lókè odò láti ìdájí. Omi á dé ọ̀dọ̀ yín tó bá di bí aago méjì ọ̀sán. A ti ṣírò ẹ̀. Mẹ́rìnlá ló máa dé lórí ọ̀pá yín, kò ní í tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Torí náà, ẹ má da àwọn èèyàn láàmú o."

"Ọ̀gá, ọ̀pá yẹn ò tọ̀nà."

"Báwo?"

"Ó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju bó ṣe yẹ kó wà lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí irin àmì báyìí ni. Mẹ́rìnlá tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn, mẹ́rìndínlógún ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún mẹ́fà."

"Ọdún mẹ́fà! Bàbá, ṣé ẹ mọ iye ìwé tó ti jáde lọ́fíìsì yìí pẹ̀lú nọ́ńbà yín? Wọ́n ti fi la ọ̀nà, wọ́n ti fi fún àwọn èèyàn láṣẹ kí wọ́n kọ́lé! Ẹ gbọ́, ẹ jẹ́ kí omi yìí kọjá ná, a máa fọgbọ́n tún un ṣe. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ ọ́ lónìí, ta ló tún máa gbà wá gbọ́? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ àwọn tó ń sọ pé irọ́ la ń pa nípa ojú ọjọ́? Ohun tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn, ẹ wá fẹ́ bù ú fún wọn nínú àwo."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, torí pé òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gòkè, ó dúró síwájú pátákó dúdú pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Ẹ má rò pé akọni ni. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó rò ó pé kí òun kàn kọ mẹ́rìndínlógún, kí òun di gbogbo rẹ̀ lé ìsédò lórí, kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tí òun ṣe. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wo ọ̀pá á rí i pé nọ́ńbà méjèèjì kò bára mu, wọn á ní Wòlíì ti tún bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ rẹ̀, wọn á padà sínú ilé. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí èéfín iná tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé omi lé. Ó bá kọ ọ́ báyìí: Ọ̀pá yìí kò tọ̀nà. Èmi ni mo kàn án. Ẹ fi méjì kún gbogbo nọ́ńbà tí mo ti kọ láti ọdún mẹ́fà. Omi ń bọ̀ ní aago méjì. Ẹ jáde. Ó wá mú òkúta, ó ń fi gbá irin afárá gbangban títí wọ́n fi jáde wá wò ó.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ kà á tán. "Wòlíì, kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Ohun tó o rí yẹn náà ni."

"Ìwọ tó o ti ń fi wá ṣe ẹran àmúṣèébú látọdúnmọ́dún, ìwọ gan-an lo wá ń tàn wá jẹ?"

"Àwa méjèèjì la kàn án. Ìwọ lo fi òòlù gbá a tó o ní ilẹ̀ ni."

Ìgbátí ni káfíńtà fi dá a lóhùn. Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbọ́ o, ó fẹ́ dì í mọ́ mi lórí! Èmi bi yín: ọdún mẹ́fà nìyí, ta ni omi gbé lọ? Bí ọ̀pá bá ti burú láti ọdún mẹ́fà tá ò sì kú, kí ló wá dé tó fi jẹ́ òní la máa kú?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn ni, ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ló sì máa ń dùn jù létí ẹni tí kò fẹ́ gbé ẹrù. Bí gbogbo ayé ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn: ó ti pẹ́ tá a ti ń fa èéfín símú, ṣebí a ṣì ń mí. Àwọn míì kò tiẹ̀ jiyàn, wọ́n kàn ń ṣépè ni. Ẹnì kan sọ òkò lu Wòlíì léjìká. Ó dúró, kò bú ẹni náà padà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló la àárín èrò kọjá. Ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ọdún mẹ́ta tó ti dákẹ́, ọjọ́ yìí ló fọhùn.

"Lọ́dún méjì sẹ́yìn, omi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ilé mi. Ojú mi yìí ni mo fi rí i. Mo gòkè wá wo pátákó, o kọ méjìlá. Mo ní ojú mi ló ń ṣe mí, pé àgbà ti dé. Mo padà lọ sùn. Àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́ta wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀. Ojú mi rí òótọ́, nọ́ńbà tìẹ ló jẹ́ kí n pè é nírọ́. Ṣé mẹ́rìndínlógún ló ń bọ̀ lóòótọ́?"

"Mẹ́rìndínlógún ni."

"Búra."

"Mi ò ní ohun tí mo lè fi búra mọ́. Ẹ lọ wo irin náà fúnra yín."

Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ àtẹ̀gùn irin kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, ó fọwọ́ kan irin àmì, ó fi apá rẹ̀ wọn ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ ọ̀pá. Nígbà tó gòkè padà, ó ní, "Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Ẹ lọ gbé ẹrù yín." Ohun tó mú kí wọ́n gbà nìyẹn. Gbogbo wọn ló mọ bó ṣe kórìíra àbúrò rẹ̀ tó. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́rìí sí i, kò sí àní-àní mọ́. Ilé tó ju ogójì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Káfíńtà wọlé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Aago mọ́kànlá ti lù. Wòlíì tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ibi ìfọṣọ. Obìnrin náà ní òun ò ní í jáde àfi bí aṣọ oníbàárà bá jáde tán.

"Ẹ fi aṣọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Aṣọ olówó ẹ̀ ni kí n fi sílẹ̀? Kí wọ́n lè sọ pé yàtọ̀ sí dída ìdọ̀tí sódò, mo tún ń jalè? Ta ló tiẹ̀ pè ọ́ síbí?"

Wòlíì gbé ìdì aṣọ kan lé orí, ó gbé òmíràn sí èjìká. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé tó wà lókè, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni obìnrin náà sì bú u ní àlọ àti àbọ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tí kò kà, láti orí omi ọṣẹ dé orí ìgbà tó ti wà lọ́mọdé tó ń sá fún ìwẹ̀. Wòlíì kò fèsì. Ó kọ́kọ́ rò pé ó rẹ òun ni. Àmọ́ nígbà tó yá, ó mọ̀ pé inú òun ń dùn pé ó ń bú òun.

Aago méjì kò tíì lù tí omi fi dé. Òjò kankan ò rọ̀ níbẹ̀, oòrùn ń ràn bí ọjọ́ ọdún. Omi pupa náà kàn yọ lábẹ́ afárá, ó ru páànù, ìgò, tábìlì àti ẹgbàágbèje ọ̀rá dání, ó sì yà sí ìsàlẹ̀ odò láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti tún sáré padà lọ mú àyọ́ọ̀nù. Wòlíì bá a lẹ́nu ọ̀nà, omi ti dé wọn ní ìtan. Ó gbá a mú, obìnrin náà bù ú lọ́wọ́ jẹ, ẹ̀jẹ̀ jáde. Kò jù ú sílẹ̀. Ó fà á láṣọ títí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì fi kan ibi gíga.

Lórí ọ̀pá ìwọ̀n, mẹ́rìnlá ni omi dúró sí, gẹ́lẹ́ bí ọ́fíìsì ṣe ṣírò rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, ó dé ojú fèrèsé. Orí òrùlé ni káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi tó rí wọn kó. Ilé mọ́kànlá ló wó. Ti ẹ̀gbọ́n Wòlíì wà níbẹ̀, yàrá méjèèjì, ọpọ́n, okùn, gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó kú. Kò sì sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Wòlíì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iléèwé níbi tí wọ́n kóra jọ sí, ńṣe ni wọ́n ń ṣẹ́ èpè fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin kan tó fi ọmọ sẹ́yìn ló bi í ní ìbéèrè tòótọ́. "Wòlíì, ìwọ tó o mọ gbogbo nǹkan, ṣé aráyé ṣì lè bọ́ nínú nǹkan yìí, àbí ó ti tán?"

Tó bá jẹ́ lánàá ni, wákàtí kan ni ì bá fi sọ̀rọ̀. "Mi ò mọ̀," ló wí.

"Ó ti ń gbọ́n bọ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí láti àárín ìdì aṣọ.

Ọ́fíìsì kọ ìwé sí i pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn ní ìlà kan ṣoṣo pé bẹ́ẹ̀ ni, òun lòún ṣe é. Wọn ì bá lé e, àmọ́ wọn ò rí ẹlòmíì tó fẹ́ máa sọ̀ sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí wọ́n sì máa bú u lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí omi fà, wọ́n ní kó gbé ọ̀pá sọ̀ kalẹ̀ sórí irin àmì. Káfíńtà ló bá a kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí pàǹtírí gbogbo ìlú òkè tún fi ṣàn wálẹ̀, tó sì bo irin náà dé orúnkún. Wòlíì mú ṣọ́bìrì, ó sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ láti lọ hú u. Ó bá èèyàn méje níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níwájú wọn, káfíńtà lẹ́yìn, gbogbo wọn pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì.

"A ò wá ràn ọ́ lọ́wọ́ o," ni káfíńtà wí. "Ìwọ la wá ṣọ́."

Òótọ́ ló sọ. Ìfẹ́ kọ́ ló kó wọn wá sétí odò, ìfura ni. Wọn ò gba nọ́ńbà Wòlíì gbọ́ mọ́, wọ́n ti pinnu pé àwọn gbọ́dọ̀ fi ojú ara àwọn rí irin náà kó tó kà á; irin ò sì ṣeé rí bí wọn ò bá kó ìdọ̀tí kúrò. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kó o. Nígbà tí iṣẹ́ náà sú wọn, wọ́n gòkè lọ bá àwọn tó ń da ìdọ̀tí náà, ohun tí wọ́n sì fojú àwọn yẹn rí, Wòlíì kò ṣe irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbẹ́ kòtò omi ọṣẹ sẹ́yìn yàrá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Ó ní kì í ṣe nítorí ẹja, pé ìfófòó ọṣẹ òun náà wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí òun rí irin.

"Kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́," ló máa ń wí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ìka rẹ̀ lórí irin. "Tó o bá fi ìka kan purọ́, inú omi yìí ni mo máa rì ẹ́ sí."

"Méje," ni Wòlíì wí lọ́jọ́ kan.

"Méje kọ́," ni káfíńtà wí. "Mẹ́fà àbọ̀ ni èmi rí."

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Èyí ní méje, èyí ní kò tó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní afọ́jú ni àwọn méjèèjì. Wòlíì lanu bí ẹni tó fẹ́ bú wọn, ó tún pa á dé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn, ó sì tún un kà.